Ààrẹ Kẹ̀kẹ́ Gun Òkè Adó

Bí ẹ bá ń ti Mọ́níyà bọ̀ lówùúrọ̀ Sátidé kan nígbà ọyẹ́, tí jíìpù mẹ́ta sáré kọjá lára yín lójú ọ̀nà Ìsẹ́yìn, tí wọ́n de kẹ̀kẹ́ mọ́ ẹ̀yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ẹ fọkàn balẹ̀. Kì í ṣe olóṣèlú. Ìbò ò tíì tó. Ààrẹ Kẹ̀kẹ́ ni, òun àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, wọ́n ń lọ gun òkè l'Ókè-Ògùn.

Ẹ mọ Ààrẹ. Bóyá ìjọ kan náà lẹ tiẹ̀ jọ ń lọ. Ó ti lé lógójì ọdún dáadáa, ọ̀gá ni níbi iṣẹ́ rẹ̀ l'Ékòó, Lẹ́kí ló ń gbé. Lọ́jọ́ kan, dókítà wo ìfúnpá rẹ̀, ó mi orí, ó ní kó dín iyán alẹ́ kù. Iyán ò ṣeé dín kù lójú Ààrẹ, ló bá kúkú lọ ra kẹ̀kẹ́. Kì í ṣe kẹ̀kẹ́ lásán o. Kẹ̀kẹ́ àgunkè ni, taya rẹ̀ fẹ̀, ó ní sípíríìnì níwájú, ó ní lẹ́yìn, jíà rẹ̀ jẹ́ 12. Owó rẹ̀ tó ọ̀kadà tuntun mẹ́ta rà, bẹ́ẹ̀ kò ní ẹ́ńjìnnì. Ìdajì iye owó náà ló sọ fún ìyàwó rẹ̀. Ìdajì ọ̀hún nìkan dá ìjà ọ̀sẹ̀ kan sílẹ̀.

Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló fi í joyè. Ẹgbẹ́ Yorùbá wo ni kì í joyè? Orí WhatsApp ni wọ́n ti wé láwàní: Ààrẹ wà, Balógun wà, Akápò wà, Ìyálóde náà kò gbẹ́yìn. Láyé Ọ̀yọ́ Ilé, ọdún mẹ́ta mẹ́ta ni Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò ń lọ sógun. Bó bá ti lọ, dandan ni kó ṣẹ́gun bọ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, òkú rẹ̀ ni wọn yóò gbé wálé láàárín oṣù mẹ́ta. Ti Ààrẹ wa sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Oṣooṣù ló ń jagun. Ó ṣẹ́gun o, kò ṣẹ́gun o, jíìpù ló ń gbé e wálé, atẹ́gùn tútù á sì máa fẹ́ sí i lójú.

Wọ́n ti ṣàdéhùn pé aago mẹ́fà ààbọ̀ làwọn yóò gbéra n'Ísẹ́yìn. Nígbà tí aago mẹ́fà ààbọ̀ lù, Balógun ṣì ń wá ibọ̀sẹ̀. Ní aago méje, pásítọ̀ inú wọn gbàdúrà ìrìn-àjò. Bó ti ṣàmín tán, alfa inú wọn náà gba tirẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé wọ́n rẹ́ òun jẹ. Lẹ́yìn náà ni fọ́tò bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ya ti ìdúró, wọ́n ya ti ìlóṣòó, wọ́n ya ti kẹ̀kẹ́ nìkan. Ṣòkòtò Ààrẹ fún mọ́ ọn lára débi pé àwọn ìyá tó ń lọ sọ́jà ń gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó dé akoto, ó wo jígí dúdú, ó gbé àpò omi kọ́ ẹ̀yìn, rọ́bà sì ti ibẹ̀ gba èjìká wá sẹ́nu rẹ̀. Ọmọdé kan dúró, ó wò ó títí, ó ní, "Màámi, ṣé wọ́n ń fa omi sí bàbá yẹn lára ni?"

Ìgbà tí wọ́n máa fi tẹ pẹ́dàlì, àwọn àgbẹ̀ ti ń ti oko àárọ̀ bọ̀.

Ìsẹ́yìn sí Adó-Àwáyè ò ju nǹkan bíi kìlómítà 20 lọ. Ààrẹ kọ títì ọlọ́dà, ó ní ti ọ̀lẹ nìyẹn, ọ̀nà oko làwọn ó gbà. Ilẹ̀ pupa ni, òkúta wẹ́wẹ́, iyanrìn tó ń gbé taya mì, àti ìgbòòrò ọ̀dàn tí koríko rẹ̀ ti gbẹ. Kò pẹ́ tí oòrùn fi gorí wọn. Ìdí igi irú kan ni wọ́n dùbúlẹ̀ sí, tí wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ, nígbà tí bàbá àgbàlagbà kan gun kẹ̀kẹ́ Raleigh dé ọ̀dọ̀ wọn, àpò èédú méjì lẹ́yìn, ọmọ-ọmọ rẹ̀ lórí irin iwájú.

"Ẹ kú ìrìn o, ẹ̀yin ọmọ mi."

"Ẹ káàárọ̀, bàbá."

Bàbá yí kẹ̀kẹ́ Ààrẹ po. "Kẹ̀kẹ́ yìí mà dára o. Kárríà rẹ̀ wá ńkọ́? Àbí wọ́n jí i ni?"

"Kì í ní kárríà, bàbá. A kì í fi í gbẹ́rù."

"Ẹ ò gbẹ́rù kẹ̀? Kí lẹ wá ń gbé lọ s'Ádó?"

"A ò gbé nǹkan kan, sà. A kàn ń gùn ún náà ni."

Bàbá wo ọmọ-ọmọ rẹ̀, ọmọ náà wo bàbá. "Ọlọ́run á wò yín sàn o," ló wí, ló bá tẹ pẹ́dàlì. Òun àti ọmọ àti èédú gun òkè tó wà níwájú, kò sọ̀kalẹ̀ tì í.

Bẹ́ẹ̀, ká sòótọ́, bàbá yìí ló jọ àwọn tó dá eré kẹ̀kẹ́ àgunkè sílẹ̀. Láàárín ọdún 1970 sí 1979 ni àwọn ọ̀dọ́ kan ní àdúgbò Marin, ní California l'Ámẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ sí í fi ògbólógbòó kẹ̀kẹ́ já gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè Tamalpais. Kẹ̀kẹ́ àtijọ́ tó wúwo ni, èyí tí ẹlòmíì ti pa tì. Bíréèkì ẹ̀yìn a máa gbóná títí gíríìsì inú rẹ̀ á fi di èéfín, wọ́n á sì ní láti kó òmíràn sí i kí wọ́n tó tún lè já. Nígbà tó di 1996, eré àwọn aláìníṣẹ́-ṣe yìí ti wọ Òlíḿpíìkì n'Átílántà. Ààrẹ mọ ìtàn náà látòkèdélẹ̀, kò sì síbi tí kì í ti í sọ ọ́. Ibi ògbólógbòó kẹ̀kẹ́ nìkan ló máa ń fò.

Wọn ò tíì rìn jìnnà tí ẹ̀gún fi gún taya Balógun. Inú wọn dùn nígbà tí wọ́n rí fọ́kanáísà létí ọ̀nà. Àmọ́ ibi tí wọ́n ń gbà fẹ́ atẹ́gùn sínú tíúbù kẹ̀kẹ́ yìí tín-ín-rín, ẹnu rọ́bà fọ́kanáísà sì ṣe wẹ́kú ti ọ̀kadà àti ti mọ́tò. Irin kékeré kan wà tí wọ́n ń dè mọ́ ọn kí ó lè bára mu, kò tó ìka ọwọ́ ọmọdé, kò sì wọ́n. Wọ́n gbé kámẹ́rà tó ń fò lófuurufú wá, wọ́n gbé ṣúgà olómi oríṣi mẹ́ta wá. Wọn ò gbé irin náà wá. Fọ́kanáísà wò ó títí, ó ní, "Ọ̀gá, ẹ má bínú, ẹnu tíúbù yín ò gba atẹ́gùn tálákà."

Báyìí ni wọ́n ṣe dé ìdí òkè Adó. Àtẹ̀gùn tó wà lára òkè náà lé ní 300, kẹ̀kẹ́ kì í sì í gun àtẹ̀gùn. Ààrẹ ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó pe àwọn ọmọ ìlú, wọ́n gbé kẹ̀kẹ́ lé èjìká, òun ń tẹ̀ lé wọn lọ́wọ́ òfo. Kẹ̀kẹ́ tí èèyàn wá gùn ló wá ń gun èèyàn. Lókè, ẹni tó ń fọ̀nà hàn wọ́n ń ṣàlàyé adágún Ìyakẹ́, omi tó dúró lórí àpáta, níbi tí àwọn èèyàn ti ń tọrọ ọmọ láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Ààrẹ ń wá nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Wọ́n máa ń sọ pé irú adágún bẹ́ẹ̀ ò ju méjì lọ láyé. Ó sọ ọ́ sínú fídíò lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó kẹ̀yìn sí omi. Lẹ́yìn náà ló gun kẹ̀kẹ́ lórí àpáta tó tẹ́jú, láti ibi kámẹ́rà dé ibi òkúta tó tẹ̀ lé e.

Nígbà tí wọ́n ń padà, ẹsẹ̀ Ààrẹ kọ iṣẹ́. Ọ̀kadà ló gbé òun àti kẹ̀kẹ́ dé Ìsẹ́yìn. Kò rántí pa Strava, ohun tó ń ka eré kẹ̀kẹ́, tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì rántí ṣàlàyé nígbà tí gbogbo ẹgbẹ́ ń kí i kú oríire eré àsápajúdé. Dírẹ́bà rẹ̀ rí gbogbo rẹ̀, kò sọ nǹkan kan. Ọmọ Òkèhò ni dírẹ́bà, orí Raleigh baba rẹ̀ ló ti ń lọ sóko láti kékeré. Ìgbà tí wọ́n ní kó gbé kẹ̀kẹ́ sẹ́yìn jíìpù, ó gùn ún yí ìlú ká lẹ́ẹ̀kan ná, ó gbé e dé láìlàágùn.

Níbi àmàlà, Ààrẹ jẹ òkèlè mẹ́jọ lé ẹran òyà. Gbogbo ohun tí dókítà ní kó sọ nù lówùúrọ̀ ló gbà padà kí oòrùn tó wọ̀. Lójú ọ̀nà, ó ní kí wọ́n dúró ra iṣu. Ẹni tí kò ná kẹ̀kẹ́ rẹ̀ rárá ná iṣu fún ogún ìṣẹ́jú, títí ìyá oníṣu fi fún un lówó àánú. Ó ti ń kéde pé Òkè Asàbàrí ní Ṣakí ló kàn lóṣù tó ń bọ̀.

Ẹ̀yin ará Ṣakí, ẹ gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, àlejò yín ni, ṣùgbọ́n ẹ dá iye owó gígbé kẹ̀kẹ́ kí ẹ tó gbé e léjìká, ẹ má sì dín owó iṣu. Ìwọ Ààrẹ náà, yọ jígí ojú rẹ nígbà tí àgbà bá ń kí ọ, ra irin fáàfù kékeré yẹn, kí o sì fi fóònù sínú ọkọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ gun òkè, kó gùn ún. Ẹni tó bá jẹ́ pé fọ́tò ló ń wá, ilé ìyafọ́tò pọ̀ l'Ékòó, wọn ò sì ní àtẹ̀gùn 300.