Oríkì Kóńgò Abìdíwọnú

Ike kan wà nílé wa tí kóńgò ẹ̀wà mẹ́ta máa ń kún dé ọrùn. Ó ti pẹ́ tí a ti ń kó ẹ̀wà sí i, ibi tí ẹ̀wà máa ń dé ti di àmì lára rẹ̀. Lópin ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo da kóńgò mẹ́ta sínú rẹ̀, ẹ̀wà dúró sísàlẹ̀ àmì, ó ń wò mí. Mo yẹ ọ̀rá tí mo fi gbé e wálé wò, kò lu. Mo wo ilẹ̀, ẹyọ kan kò ta sílẹ̀. Ìgbà náà ni mo rántí pé nígbà tí mo ní kí ìyá ẹlẹ́wà dojú kóńgò rẹ̀ dé kí n rí ìdí rẹ̀, ńṣe ló fajú ro, ó ní, "Àǹtí, ẹ̀wà lẹ wá rà ni, àbí ìdí kóńgò?"

Ìbéèrè yẹn, ilé ni mo dé kí n tó mọ ìdáhùn rẹ̀. Ìdí kóńgò ni mo rà. Owó rẹ̀ ni mo san, pẹ̀lú owó mọ́tò àlọ àti àbọ̀. Nígbà tí mo sì ti sanwó fún un báyìí, n kò ní jẹ́ kí ó lọ láìkì.

Kóńgò, mo kí ọ, mo tún kì ọ́.
Abìdíwọnú, ọmọ òòlù.
Abìdíwọnú, tí ìdí rẹ̀ wọnú bí ìdodo,
tí inú rẹ̀ kò fi gba nǹkan mọ́.
Òkè rẹ ń ga, ìsàlẹ̀ rẹ ń jalè.
Wọ́n ní bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú;
ìdí tìrẹ ni kò jẹ́ kí Kúmólú yó.
Wọ́n ní a kì í ní ìdí ọmọ ẹni ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíràn;
ìdí tìrẹ, ibo ni ìlẹ̀kẹ̀ yóò ti rí i mú?
Adékúnlé ń bẹ ládùúgbò, Ọlákúnlé ń bẹ;
ìwọ nìkan ni Akúnlọ́jà-má-kúnlé.
O kún lójú ìyá ẹlẹ́wà, o kún lójú èmi tí mò ń rà,
o kún lójú ẹni tó ń kọjá lọ,
a gbé ọ dé ilé, ike ní òun kò rí ọ.

Ẹ má rò pé láti inú ìyá rẹ̀ ni Abìdíwọnú ti gbé oyè yìí wá. Pẹrẹsẹ ni ìdí gbogbo kóńgò nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ rà á. Ọ̀dọ̀ ẹni tó mọ irin í lù ni wọ́n ti lọ fi í jẹ oyè. Wọ́n dojú rẹ̀ dé, òòlù sọ gbà, òòlù sọ gbì, ìdí ń wọnú díẹ̀díẹ̀, oníṣẹ́ ń bi oníkóńgò pé, "Ṣé ó ti tó?" Oníkóńgò ní, "Fi kún un." Ibi kan ṣoṣo tí a ti ń sọ pé kí wọ́n fi kún un kí ó lè dín kù nìyẹn. Àwọn mìíràn wà tí wọ́n ń yọ́ àbẹ́là sísàlẹ̀ kóńgò, àwọn kan ń fi símẹ́ńtì rẹ́ ẹ, àwọn kan ń gé etí rẹ̀ kúrú. Àwọn wọ̀nyẹn kò yẹ fún oríkì gígùn. Wọ́n láyà, ṣùgbọ́n wọn kò mọ iṣẹ́ ọnà.

Iṣẹ́ ọnà gan-an, ọwọ́ ìyá ẹlẹ́wà ni ẹ ti máa rí i. Ọwọ́ ọ̀tún fi abọ́ kékeré bu ẹ̀wà, ó gbé e sókè díẹ̀, ó ń jẹ́ kí ó ṣàn sílẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ọwọ́ òsì mọ ògiri yí etí kóńgò ká. Kò jẹ́ gbọn kóńgò, torí bí ó bá gbọn ọ́n, ẹ̀wà yóò jókòó dáadáa, àyè yóò sì ṣí fún òmíràn. Ó ń rọra kó o jọ sórí, ó ń kó o jọ, títí tí ṣóńṣó fi yọ. Bí ẹyọ méjì bá yọ́ bọ́ sílẹ̀, á ṣa wọ́n, á dá wọn padà sórí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kí ẹ lè mọ̀ pé kò fẹ́ rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ. Gbogbo wa ń wo òkè. Òkè kò purọ́ rí. Lẹ́yìn náà ni ènì yóò wá dé, ẹ̀kúnwọ́ kékeré kan tí a fi ẹ̀rín gbè lẹ́sẹ̀, èmi náà á sì dúpẹ́. Mo dúpẹ́! Owó ìtanràn tí olè ń san kí wọ́n tó mú un, mo gbà á, mo ní kí Ọlọ́run bù kún ọjà wọn.

Akúnlọ́jà-má-kúnlé, o mà kọ́ wa ní ìwà o.

Kóńgò yìí kò dá wáyé. Ó ní ẹ̀gbọ́n kan tó ń gbé lábẹ́ tábìlì, tí kì í fojú kan oníbàárà. Abìdíyọta ni tiẹ̀. Òòlù náà ló bí i, ṣùgbọ́n òdì-kejì ni wọ́n lu òun sí, ìdí rẹ̀ yọ síta, ikùn rẹ̀ jìn. Nígbà tí àgbẹ̀ bá kó ọjà dé láti oko ni wọ́n ń gbé e jáde. Ọjọ́ yẹn, ìyá ẹlẹ́wà ń gbọn kóńgò! Ó ń gbọn ọ́n, ó ń fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́, ó tún ń bi àgbẹ̀ pé ènì dà. Ẹni tó bá rò pé ìwé mímọ́ kò mọ ìwà yìí, àṣìṣe ló ṣe. Orúkọ Sura 83 nínú Kùránì gan-an, àwọn tó ń dín òṣùwọ̀n kù ló ń tọ́ka sí, kò sì pẹ́ tí Sura náà bẹ̀rẹ̀ tó fi ya àwòrán ẹni tó ń gbà kíkún tó ń fúnni ní àbọ̀. Ìwé Òwe orí 11 náà, òṣùwọ̀n èké ló fi bẹ̀rẹ̀. Mọ́ṣáláṣí ń bẹ lápá kan ọjà wa, ṣọ́ọ̀ṣì ń bẹ lápá kejì, Abìdíwọnú jókòó sáàárín, ó ń ṣe àmín sí méjèèjì.

Ẹ wá gbọ́ irú ẹni tí Abìdíwọnú ń rẹ́ jẹ. Láti 29 oṣù Karùn-ún 2023, tí Ààrẹ Tinubu kéde pé ìrànwọ́ orí epo ti dópin, tí náírà náà sì jábọ́ lẹ́yìn rẹ̀, kò sí ọgbọ́n tí obìnrin ilé kò dá. Nígbà tó fi di oṣù Kẹfà 2024, àjọ tó ń ṣe ìṣirò fún ìjọba àpapọ̀ ní owó oúnjẹ ti fi ohun tó ju ogójì lórí ọgọ́rùn-ún lọ sókè láàárín ọdún kan. Nílé tèmi, a fi ṣọ́ọ̀bù ojúlé sílẹ̀, a ń lọ sí ọjà ńlá. A fi ẹran sílẹ̀ fún pọ̀nmọ́. Pọ̀nmọ́ gbọ́, ó fowó kún ara rẹ̀. A sá tọ ẹja ṣáwá lọ. Tòmátì, ẹ̀sà la ń rà, a gé ibi tó bàjẹ́ dànù, a se ìyókù kí ó gbẹ kí ó lè pẹ́. Ògì ọlọ́rá la kọ̀. A rẹ àgbàdo fún ọjọ́ mẹ́ta, a gbé e lọ sí ẹ̀rọ, a sẹ́ ẹ, ó tòrò, a ń mu ògì tí ó ki títí ọ̀sẹ̀ fi parí, a sì bu èèrí fún aládùúgbò tó ń sin ewúrẹ́.

Ẹ̀wà ni olórí gbogbo ọgbọ́n wa. Alẹ́ la ti ń rẹ ẹ́. Tó bá di àárọ̀, a da omi náà nù, a gbé e kaná pẹ̀lú omi tuntun àti àlùbọ́sà, ó hó dáadáa, a pa gáàsì, a de ìkòkò pinpin, a fi sílẹ̀ kí ooru inú rẹ̀ máa bá wa ṣiṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́, ìgbà tó bá yá la tó tún dáná sí i. Bí ẹ̀wà bá fẹ́ kéré, a ti rẹ àgbàdo gbígbẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, a sè é rọ̀, a dà á pọ̀, ó di àdàlú, ata àti epo pupa díẹ̀ tẹ̀ lé e. Àwọn ọmọ ń jẹ ẹ́ kánmọ́kánmọ́, wọn kò mọ̀ pé ìṣirò ni àwọn ń jẹ. Ẹ̀wà tí wọ́n ń pè ní oúnjẹ tálákà láyé àná, ó ti di ohun tí a ń fi àgbàdo bẹ̀ kí ó lè tó.

Gbogbo ọgbọ́n wọ̀nyẹn, Abìdíwọnú, o ti fi ìdí jókòó lé e lórí kí n tó dé ilé. Ká ní ìdá mẹ́wàá péré ni ìdí rẹ ń gbà, nínú kóńgò mẹ́wàá tí mo bá rà, ọ̀kan jẹ́ afẹ́fẹ́. Mo pa gáàsì kí n lè fi náírà díẹ̀ pamọ́, ìwọ sì ta afẹ́fẹ́ fún mi ní iye owó ẹ̀wà. Akúnlọ́jà-má-kúnlé, afẹ́fẹ́ rẹ ò tiẹ̀ ṣe é fi ata sí.

Ẹ jẹ́ kí n gbé ẹ̀fẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀. Olè ni. Mo ti gbọ́ gbogbo àwíjàre. Wọ́n ní owó ọkọ̀ láti òkè Ọya wọ́n, òótọ́ ni. Wọ́n ní wọ́n ń gba owó lọ́wọ́ dírẹ́bà lójú ọ̀nà, wọ́n ní owó ìsọ̀ ti gbówó lórí, òótọ́ ni. Wọ́n ní bí àwọn bá pe iye tí kóńgò tó pé jẹ́, oníbàárà yóò sá. Èmi kò ní sá. Ẹ sọ iye rẹ̀ fún mi, kí n lè mọ bí àgbàdo yóò ṣe pọ̀ tó nínú ìkòkò mi. Ẹni tó mọ̀ pé ọjà wọ́n lè dín in kù. Ẹni tí wọ́n fi ìdí kóńgò purọ́ fún, ó ti gbé omi kaná kí ó tó mọ̀ pé oúnjẹ ò ní tó. Olówó tó ń ra odidi àpò, ó lè gbé àpò rẹ̀ lọ sórí òṣùwọ̀n. Ẹni tí owó rẹ̀ mọ ní kóńgò kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tí owó rẹ̀ kò tó kóńgò ń ra ìwọ̀n agolo mílíìkì, ìdí agolo náà sì ti wọnú. Bí owó bá ṣe ń kéré tó ni ìdí ń pọ̀ tó. Ìyá kan wà níbì kan tó ti ṣírò pé ẹ̀wà òun yóò dé Ọjọ́bọ̀, tí ó tán ní Ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Kò ní ronú kan kóńgò. Yóò ní ọmọ òun ló ń jí i bù, yóò sì na ọmọ náà nítorí ẹ̀wà tí kò wọlé rárá.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká padà sídìí oríkì.

Abìdíwọnú, àgbà òfin kò rí ọ gbé ṣe. Òfin òṣùwọ̀n ti wà ní Nàìjíríà láti 1974, ó ju ọ̀pọ̀ àwọn tó ń fi ọ́ wọn ẹ̀wà lọ lọ́jọ́ orí. Ẹ̀ka kan wà ní ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí òwò, iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa yẹ òṣùwọ̀n wò. Ìwọ náà jókòó lórí tábìlì lójú gbogbo ayé, o ń dán.

Obìnrin kan ládùúgbò wa gbé kóńgò tirẹ̀ láti ilé lọ sí ọjà, kóńgò tí ìdí rẹ̀ tẹ́jú. Ìyá ẹlẹ́wà gbà á, ó yí i, ó fọwọ́ kan inú rẹ̀, ó dá a padà fún un. Ó ní, "Kóńgò yín yìí ò dáa, ó tóbi jù. Wọ́n ti ṣe nǹkan sí i." Ẹ ò rí i bí oyè ṣe mọ́ Abìdíwọnú lára! Ó ti di òun ni ìwọ̀n, ẹni tó pé ló wá di ayédèrú.

Nítorí náà la ṣe pinnu láti dá owó jọ, ìdílé mélòó kan, ká máa ra àpò ẹ̀wà kan, ká yá òṣùwọ̀n kílò lọ́wọ́ ẹlẹ́ja, ká gbé àpò kọ́ ọ níṣojú ẹni tó tà á, ká wá fi kílò pín in lójú ara wa. A kò sì ní ṣe é ní bòókẹ́lẹ́, torí ọjọ́ ìpín náà la fẹ́ fi ṣe ìwúyè fún ọ, Kóńgò. Olórí Òfìfo gbogbo ọjà la ó fi ọ́ jẹ. A ti wá ìlẹ̀kẹ̀, kí wọ́n wá ibi tí wọn yóò so ó mọ́. Jọ̀wọ́, má ṣe nìkan wá. Mú ẹ̀gbọ́n rẹ abẹ́ tábìlì dání, Abìdíyọta, ẹni ikùn jíjìn. Òun la ó fi wọn ẹ̀wà tí ìyá ẹlẹ́wà yóò gbé wá fún àsè. Ìwọ la ó fi wọn owó tí a ó san fún un.