Àwọn Agbójúlógún Krishnamurti

Ẹ wo ẹni tó ń fi bírò pupa ka ìwé Jiddu Krishnamurti. Ó dé ibi tí ọkùnrin náà ti ń kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má gba ọ̀rọ̀ òun gbọ́ kìkì nítorí pé òun ló sọ ọ́. Ó fa ìlà sábẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó kọ "òdodo ọ̀rọ̀" sí ẹ̀gbẹ́ ìwé, ó ya fọ́tò ojú ewé náà, ó sì fi ṣọwọ́ sí gbogbo ẹni tó wà lórí WhatsApp rẹ̀, pé kí wọ́n gbà á gbọ́, nítorí Krishnamurti ló sọ ọ́. Bí ọ̀kan nínú wọn bá bi í pé kí ló ti wá mọ̀ nípa ara rẹ̀ látìgbà tó ti ń kàwé yìí, á ní kó dúró ná, á ṣí ìwé, á wá ibi tí Krishnamurti ti dáhùn irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Agbójúlógún fi ara rẹ̀ fóṣì ta, ni àwọn àgbà wí: ẹni tó gbójú lé ohun tí baba yóò fi sílẹ̀ kò ní roko tirẹ̀. Ṣùgbọ́n agbójúlógún inú òwe ṣì ní baba tó ní oko. Ti òde òní ló wá gbójú lé ogún ẹni tó ti kéde ní gbangba pé òun kò jogún ẹnikẹ́ni, òun kò sì ní fi ogún sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Ọ̀rọ̀ ogún kò ṣàjèjì sí Krishnamurti rárá, nítorí ogún ni wọ́n fi tọ́ ọ dàgbà. Ní 1895 ni wọ́n bí i ní Madanapalle, ní gúúsù Íńdíà. Ní 1909, bàbá rẹ̀, tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, kó àwọn ọmọ rẹ̀ lọ sí Adyar, lẹ́bàá Madras, níbi tí olú ilé Theosophical Society, ẹgbẹ́ àwọn tó ń wá ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ nípa ẹ̀mí, wà. Létí òkun níbẹ̀ ni Charles Leadbeater, ọ̀kan nínú àwọn àgbà ẹgbẹ́ náà, ti rí ọmọ kan tó rù hángógó, tí tíṣà ń nà nílé ìwé torí wọ́n rò pé olódo ni. Leadbeater ní òun rí ìmọ́lẹ̀ tó yí ọmọ náà ká, ó sì fi hàn pé ọmọ yìí ni Olùkọ́ Ayé tí àwọn ti ń retí yóò gba ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. Annie Besant, ààrẹ ẹgbẹ́, gbà á tọ́. Nígbà tí bàbá ọmọ pẹjọ́ pé kí wọ́n dá ọmọ òun padà, ẹjọ́ náà dé iwájú Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù, Besant sì borí ní 1914. Wọ́n ti dá ẹgbẹ́ Order of the Star in the East sílẹ̀ ní 1911, wọ́n fi ọmọ náà ṣe olórí rẹ̀. Ní Sydney, ní Ọsirélíà, wọ́n kọ́ gbàgede ìjókòó ńlá kan tó dojú kọ òkun, wọ́n sì ń ta ààyè ibẹ̀ fún àwọn tó fẹ́ wà níjókòó lọ́jọ́ tí Olùkọ́ bá dé. Ní Nẹ́dálándì, ìjòyè kan gbé ilé ńlá Eerde pẹ̀lú ilẹ̀ rẹpẹtẹ lé wọn lọ́wọ́. Oyè ti délẹ̀, ààfin ti délẹ̀, ọmọ ẹ̀yìn ti pé jọ. Ó kù kí àrólé jókòó.

Ikú ló da ètò náà rú. Nitya, àbúrò Krishnamurti, ní ikọ́ ẹ̀gbẹ, àwọn àgbà ẹgbẹ́ sì fi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́kàn balẹ̀ pé àwọn Ọ̀gá tí ojú lásán kò rí kò ní jẹ́ kó kú, nítorí iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ fi í ṣe ṣì wà níwájú. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1925, Nitya kú ní Ojai, ní California. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà nínú ọkọ̀ ojú omi, ó ń lọ sí Íńdíà. Gbogbo ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti kó sí i lórí láti ọdún mẹ́rìndínlógún kò ní ọ̀rọ̀ kan tó bá ẹkún yẹn mu. Ó ní láti fi ojú ara rẹ̀ wo ìbànújẹ́ ara rẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta oṣù kẹjọ ọdún 1929, ó dìde ní Ommen, ní Nẹ́dálándì, níwájú Besant àti nǹkan bí 3,000 ọmọ ẹgbẹ́, ó sì tú ẹgbẹ́ náà ká. Ó ní kò sí ọ̀nà tí ẹnikẹ́ni là sílẹ̀ tó dé ibi òtítọ́, kò sí ẹ̀sìn tàbí ẹgbẹ́ tó lè gbé ènìyàn débẹ̀, òun kò sì fẹ́ ọmọ ẹ̀yìn. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán: wọ́n dá ilé Eerde padà fún ẹni tó fún wọn. Gbàgede Sydney wà níbẹ̀ títí di 1951 tí wọ́n wó o, tí wọ́n kọ́ ilé gbígbé sójú rẹ̀. Nínú gbogbo àwọn tí wọ́n gbé ọ̀run fún láàárín ọgọ́rùn-ún ọdún yẹn, mélòó ló dá a padà fún olówó rẹ̀?

Kí wá ni àwọn ènìyàn fi ọ̀rọ̀ ẹni tó ní kí wọ́n má tẹ̀lé òun ṣe? Wọ́n tẹ̀lé e. Láti 1961 títí di 1985, ọdọọdún ni èrò ń wọ́ lọ sí Saanen, láàárín àwọn òkè Switzerland, kí ó lè sọ fún wọn pé kò sí ẹni tó lè la ẹlòmíràn lójú. Wọ́n á mirí, wọ́n á ní bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni, wọ́n á sì padà wá lọ́dún tó ń bọ̀ kó tún un sọ. Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ di ìwé. The First and Last Freedom jáde ní 1954, Aldous Huxley, òǹkọ̀wé ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló kọ ọ̀rọ̀ ìṣáájú rẹ̀; Freedom from the Known jáde ní 1969. Ohun tó sọ láàárín 1933 sí 1967 nìkan kún ìdìpọ̀ 17. Ìwé di dúkìá, dúkìá di ẹjọ́: òun àti D. Rajagopal, ọ̀rẹ́ rẹ̀ àtijọ́ tó ń bójú tó ilé iṣẹ́ ìwé náà, gbé ara wọn lọ sí kóòtù ní California lórí ẹni tó ni ìwé àti ẹni tó ni owó, ó di 1974 kí wọ́n tó yanjú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó ń kọ́ni bí a ṣe ń jọ̀wọ́ "tèmi ni" ló di ohun tí àwọn lọ́yà ń pín mọ́ra wọn lọ́wọ́. Nítorí pé ó mọ irú ẹni tó ń bá lò, Krishnamurti fi lélẹ̀ pé lẹ́yìn òun, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pe ara rẹ̀ ní àrólé òun tàbí ẹni tó ní àṣẹ láti túmọ̀ ọ̀rọ̀ òun. Òǹkàwé oníbírò pupa ti ka ìyẹn náà. Ó lè túmọ̀ rẹ̀ fún yín.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí ìwé náà ní ká ṣe, ká tó wo ohun tí wọ́n ń fi í ṣe. Ẹ̀kọ́ Krishnamurti lórí mímọ ara ẹni kò le láti sọ: dígí tí ènìyàn fi ń rí ara rẹ̀ ni ìbáṣepọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú àwọn ẹlòmíràn. Kí o wo ara rẹ nígbà tí o ń bá ìyàwó rẹ sọ̀rọ̀, nígbà tí o ń dá ọmọ iṣẹ́ lóhùn, nígbà tí ọ̀rẹ́ rẹ ra ọkọ̀ tuntun; kí o wò ó láìdá ara rẹ láre, láìdá ara rẹ lẹ́bi. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kò lè ṣeé jogún, ìdí rẹ̀ kò sì fara sin: ìbínú tó bí mi láàárọ̀ yìí kò sí nínú ìwé tí wọ́n tẹ̀ ní 1954. Ọwọ́ mi ló ti jáde, èmi nìkan ló sì wà nítòsí nígbà tó ń jáde. Ṣùgbọ́n ẹ wo òǹkàwé wa nílé. Ọmọ da omi sórí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ó jágbe mọ́ ọmọ náà débi pé ará ilé kejì ṣí fèrèsé. Ìyàwó ní, "Bàbá Tọ́lá, ẹ rọra, inú yín ti ń gbóná jù." Kò dáhùn pé òótọ́ ni. Ó ní olùwò àti ohun tí à ń wò, ọ̀kan náà ni wọ́n, nítorí náà kò sí ẹnì kankan nínú yàrá yẹn tí inú ń bí. Ìyàwó lọ gbé àkísà, ó nu ilẹ̀. Ohun tí Krishnamurti ní kó wò ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá níwájú rẹ̀, pẹ̀lú ohùn àti pẹ̀lú ọmọ tó ń gbọ̀n. Ọ̀rọ̀ Krishnamurti ló sì fi bo ojú kó má bàa rí i.

Èyí ni òṣì tí òwe ń wí. Agbójúlógún kì í ṣe ẹni tí kò ní nǹkan lójú ara rẹ̀. Lójú ara rẹ̀, olówó ni, nítorí ó mọ iye oko baba. Bákan náà ni ẹni tó há Freedom from the Known sórí, ìwé tó ń bẹ ènìyàn pé kó sọ ẹrù ohun tó ti mọ̀ kalẹ̀. Ó mọ ọdún tí wọ́n tẹ̀ ẹ́, ó mọ ohun tí bàbá náà bá David Bohm, onímọ̀ físíìsì, jíròrò, ó sì mọ ibi tí o ti ṣi ọ̀rọ̀ náà gbọ́. Ohun tó dùn jù níbẹ̀ ni pé olùkọ́ tí wọ́n ń há sórí yìí kì í há ẹnikẹ́ni sórí. Ó máa ń sọ pé òun kò ka àwọn ìwé mímọ́ ẹ̀sìn. Ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ló ń kà fi najú. Nínú Krishnamurti's Notebook, tó bẹ̀rẹ̀ sí kọ ní 1961, tó sì jáde ní 1976, igi, odò, ojú ọ̀run àti ẹ̀fọ́rí tó ń dà á láàmú ló kún ibẹ̀. Ohun tí ojú rẹ̀ rí lọ́jọ́ náà ló kọ sílẹ̀. Bí àwọn agbójúlógún bá fẹ́ fara wé e ní ti gidi, kí wọ́n lọ ra ìwé ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́.

Ẹnì kan lè ní, bí ìwé kò bá wúlò, kí ló dé tí ọkùnrin náà fi sọ̀rọ̀ títí di oṣù kìíní ọdún 1986, ní Madras, nígbà tí ikú rẹ̀ kò ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ? Ìbéèrè tó tọ́ ni. Òwe kò bá ogún wí, agbójú ló bá wí. Ìwé lè ta ènìyàn jí. Ó lè pe àkíyèsí rẹ̀ sí ibi tí kò wò rí. Ẹni tó ti ń purọ́ fún ara rẹ̀ fún ogún ọdún lè ka gbólóhùn kan kí òógùn bò ó. Ó tó bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, iṣẹ́ ti kúrò lọ́wọ́ ìwé. Ẹlòmíràn á rán wa létí pé àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́, pé gbogbo ìwà wa dúró lé gbígbọ́ tàgbà. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n orí ọmọ ni àgbà ń tún ṣe lẹ́yìn ìyá rẹ̀. Kò sí àgbà tó bá ọmọ gbé orí náà títí tó fi dàgbà. Ẹni tó bá sì fẹ́ fi pańpẹ́ mú mi lè ní òwe tí mo dì mú yìí, ṣé kì í ṣe ogún ni? Ogún ni. Àmọ́ òwe kì í mọ ibi tó ń lọ. Ẹni tó ń pa á ló ní láti wá ẹni tó bá a mu, ó sì lè jẹ́ pé ara rẹ̀ ni yóò bá níbẹ̀.

Ìdánwò tó le jù wá ní 1991, ọdún márùn-ún lẹ́yìn tí Krishnamurti kú ní Ojai. Radha Rajagopal Sloss, ọmọ D. Rajagopal, tẹ ìwé kan jáde, ó ní ọ̀pọ̀ ọdún ni Krishnamurti fi bá ìyá òun ní ìfẹ́ ìkọ̀kọ̀. Àwọn kan bínú sí i, àwọn kan da ìwé olùkọ́ nù, àwọn kan ń wá àwíjàre títí di òní. Ẹ jẹ́ ká ronú sí i. Bí ohun tí mo rí nínú ara mi bá jẹ́ tèmi, pé ìlara ló ń mú mi bú ọ̀gá mi lẹ́yìn, ṣé ìlara náà á kúrò lára mi torí pé ẹni tó ní kí n wò ó ní àṣírí tirẹ̀? Kò kúrò. Ẹni tí ilé rẹ̀ wó lọ́dún yẹn ni ẹni tó kọ́lé sórí ìwà baba olóore. Ìwé kan kò lè gba ohun tí ènìyàn fi ojú ara rẹ̀ rí lọ́wọ́ rẹ̀, bí ìwé kan kò ti lè fún un ní ìkankan.

Síbẹ̀, kò yẹ ká lé àwọn oníbírò pupa jù. Ènìyàn rere ló pọ̀ jù nínú wọn. Ohun kan dùn wọ́n nínú ayé tiwọn, wọ́n gbọ́ pé ẹnì kan wà tó mọ ọ̀nà, wọ́n sì sáré tọ̀ ọ́. Àṣìṣe wọn kò ju pé wọ́n dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n wá ń kì ilẹ̀kùn. Agbójúlógún inú òwe, ọ̀lẹ ni. Àwọn wọ̀nyí kì í ṣe ọ̀lẹ, wọ́n ń kàwé mọ́jú. Bí wọ́n bá fi ìdajì agbára yẹn wo wákàtí kan péré nínú ọjọ́ ara wọn, a ò ní rí wọn bá mọ́. Nítorí náà, bí ọ̀kan nínú wọn bá jókòó tì yín, tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ pé "Krishnamurti sọ pé", ẹ má bá a jiyàn, ẹ má sì fi ṣẹ̀sín. Ẹ jẹ́ kó sọ ọ́ tán, kí ẹ wá bi í pé, "Ìwọ ńkọ́?" Bó bá ṣí ìwé, ẹ fi ọwọ́ pa á dé.