Ọmọ Ayò Kan Ló Sọnù

Èmi kì í ṣe olófòófó o. Àtẹ àgbálùmọ̀ ni mo gbé síwájú, etí mi sì wà níbi tí Ọlọ́run fi í sí. Bí àwọn àgbà bá wá ń pariwo lábẹ́ igi furúùtù tó wà níwájú ilé wa ní Ketu níbí, ṣé kí n fi òwú dí i ni?

Ẹ ti gbọ́ pé Bàbá Rélùwéè ò jáde láti ọjọ́ mẹ́ta? Ẹ ò tíì gbọ́. Ẹ fà mọ́bí. Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ irú èèyàn tó ń jókòó lábẹ́ igi yẹn fún yín ná.

Àwọn tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ẹ mọ òfin wọn: bí èèyàn bá ti pé ẹni 60 ọdún, tàbí tó ti sìn fún ọdún 35, ilé ti yá nìyẹn. Ṣùgbọ́n èmi ò rí ibi tí àwọn wọ̀nyí fẹ̀yìn tì sí. Aago mẹ́sàn-án àárọ̀, ọpọ́n ayò ti délẹ̀, torí ayò kì í ṣe eré alẹ́. Ẹni tó bá pẹ́, 200 náírà ni owó ìtanràn rẹ̀. Bàbá Akọ̀wé ló ń kọ ọ́ sínú fáìlì kan tó fi okùn dì bíi pé gómìnà ń bọ̀ wá yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹnì kan ṣoṣo tí wọn kì í bu owó lé ni bàbá tó ń ti Agiliti wá. Bí oṣù Kẹwàá bá dé, tí wọ́n tú omi sílẹ̀ ní dáàmù Ọ̀yán, tí Odò Ògùn wọ àdúgbò, ọkọ̀ ojú omi ni bàbá ń wọ̀ kó tó fojú kan títì. Ohun tí wọ́n kọ síwájú orúkọ rẹ̀ nínú fáìlì ni pé, “Omi ló dá a dúró.”

Àwọn ìyàwó wọn náà ní ẹgbẹ́ tiwọn. Eré ìdárayá ni wọ́n ń pè é. Dókítà ló ní kí Ìyá Tíṣà máa rìn nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru, ló bá kó gbogbo ọ̀rẹ́ rẹ̀ sẹ́yìn. Aago mẹ́fà, wọ́n ti wọ kánfáàsì, wọ́n ti dorí kọ Ikosi Road. Níbo ni ìrìn ọ̀hún ń parí sí? Mile 12! Àsìkò tí wọ́n ń já tòmátò tó ti òkè Ọya dé gan-an ni. Wọ́n á dáwó jọ, wọ́n á ra apẹ̀rẹ̀ kan, wọ́n á pín in sọ́nà mẹ́rin, wọ́n á sì wọ kẹ̀kẹ́ márúwá padà sílé. Mo bi Ìyá Tíṣà léèrè pé ṣé ẹ̀jẹ̀ ti wálẹ̀. Ó ní ẹ̀jẹ̀ ò tíì wálẹ̀, àmọ́ owó ọbẹ̀ ti wálẹ̀.

Kí ni mo ń sọ bọ̀? Ẹ̀n-ẹ́n, Bàbá Rélùwéè.

Ojúlé 12 ló wà lójú ọpọ́n, ọmọ mẹ́rin nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, 48 ni gbogbo rẹ̀. Bàbá Rélùwéè àti Bàbá Akọ̀wé nìkan ni ọ̀ta níbẹ̀. Òpè làwọn tó kù, wọ́n kàn ń dá sí i tí wọ́n ń jẹ àgbálùmọ̀ ni. Bí Bàbá Rélùwéè bá ń ta, ẹ ò ní rí ìka rẹ̀. Kó, kó, kó lẹ máa gbọ́. Tó bá kan ọmọ tó gbẹ̀yìn, á gbá a mọ́lẹ̀ gbàà, á kó méjì, á kó mẹ́ta lójúlé onílé, á wá gbójú sókè máa wo ewé furúùtù bíi pé kì í ṣe ọwọ́ tirẹ̀ ló jalè. Ọ̀mì ni wọ́n sábà máa ń ta: 24 síbí, 24 sọ́hùn-ún, oúnjẹ ọ̀sán yá.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, wọ́n ta tán, Bàbá Akọ̀wé ka 24. Bàbá Rélùwéè ka 23. Wọ́n tún un kà. Tíṣà, ọkọ Ìyá Tíṣà, bá wọn kà á. 47!

Bàbá Akọ̀wé ní òun lòun jẹ. Bàbá Rélùwéè ní irọ́ ni, ti òun lèyí tó sọnù, ọ̀mì ni.

“Ẹ mú rìsíìtì ẹ̀ wá.”

“Bẹ́ẹ̀ lẹ̀yin akọ̀wé ṣe ń sọ fáìlì ọlọ́mọ nù!”

“Ẹ lọ fun fèrè yín níbòmíì jàre, ọkọ̀ ti lọ.”

Ọ̀rọ̀ fèrè yẹn ló dun bàbá. Ó ká ẹní rẹ̀, ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn.

Ni wọ́n bá gbé ìgbìmọ̀ olùwádìí dìde. Wọ́n yẹ àpò gbogbo ọmọdé wò. Wọ́n ní ewúrẹ́ Ìyá Ìbejì ló gbé e mì, ni Tíṣà bá ń tẹ̀ lé ewúrẹ́ kiri fún odidi ọjọ́ méjì. Ẹ sì mọ̀ pé ìgbẹ́ ewúrẹ́ àti ọmọ ayò, ìbejì ni wọ́n. Ẹ má bi mí léèrè ohun tí Tíṣà ń fọ̀ lẹ́nu ẹ̀rọ omi.

Ibi tí wọ́n ti ń bá a fà ni ọmọ Bàbá Akọ̀wé pè láti Amẹ́ríkà, tó rí bàbá rẹ̀ lójú fóònù lórí ìkúnlẹ̀, tó ń fọwọ́ gbọ́n yẹ̀pẹ̀. Ó ní kó máa bọ̀ lọ́dọ̀ òun, pé ìlú kan wà ní Arizona tí wọ́n ń pè ní Sun City, tí wọ́n ṣí ní 1960, ọdún tí àwa gba òmìnira. Ó ní àwọn tó ti pé ẹni ọdún 55 sókè ni ibẹ̀ wà fún, wọ́n ń gbá gọ́ọ̀fù, wọ́n ń lúwẹ̀ẹ́, wọn kì í sì í gba ọmọdé láyè láti máa gbé ibẹ̀. Bàbá ní, “Kò sọ́mọdé? Ta wá ni wọ́n ń fẹ̀sùn kàn bí nǹkan bá sọnù?” Ó gbé fóònù sílẹ̀.

Èmi ni mo gbà wọ́n o. Mo fún wọn ní kóró àgbálùmọ̀ kan, ó pọ́n, ó ń dán, ó fẹ̀ ju ọmọ ayò lọ. Wọ́n ṣèpàdé lé e lórí láàárọ̀ òní, wọ́n dìbò, wọ́n kọ ọ́ sí fáìlì pé ó wọlé. Ìjà tuntun tún bẹ̀rẹ̀ lójú ẹsẹ̀: ẹni tó bá jẹ kóró yẹn ń kà á sí méjì. Bàbá Rélùwéè gbọ́ ọ látinú ilé, ó rán ọmọ-ọmọ rẹ̀ wá béèrè bóyá tọjọ́ Ìṣẹ́gun ti di ọ̀mì. Wọn ò tíì fèsì. Gbogbo ará àdúgbò ló ń wá wòran báyìí, ẹnu ò sì gbọdọ̀ dilẹ̀; ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti lọ ra ọjà ní ọjà èso ní ọ̀sẹ̀ yìí, èmi tó jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan ni mò ń lọ tẹ́lẹ̀.

Ọmọ ayò tó sọnù ńkọ́? Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mo gbá a jáde lábẹ́ àtẹ mi. Etí ìró mi ni mo so ó mọ́, òun nìyí. Tí àgbálùmọ̀ bá ti kásẹ̀ nílẹ̀ lóṣù Kẹrin, n ó dá a padà fún wọn. Ẹ ò gbọ́ nǹkan kan lẹ́nu mi o.