Lọ́yà Òde Ìnáwó

Ká ní wọ́n ń fi ìmọ̀ràn òfìfo joyè láàárín àwa Yorùbá Amẹ́ríkà, mi ò bá ti di Balógun. Èmi ni mo ń kéde kiri pé bí òbí bá di ẹni ilé ìtọ́jú arúgbó, Medicare, ètò ìlera ìjọba fún àwọn arúgbó, ni yóò san owó rẹ̀. Èmi náà ni mo ní kí wọ́n tètè pín owó báńkì fún ọmọ, kí ìjọba lè bá àpò lófìfo. Irọ́ ni méjèèjì. Medicare kì í sanwó fún ẹni tí kò nílò ju kí wọ́n wẹ̀ ẹ́, kí wọ́n sì fún un lóúnjẹ. Bó bá tiẹ̀ san owó ìtọ́jú nọ́ọ̀sì fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nílé ìwòsàn, ọjọ́ 20 péré ló ń san pátá, kò sì ní kọjá ọjọ́ 100. Medicaid ló ń gbé ẹrù ọlọ́jọ́ pípẹ́, ti aláìní sì ni: ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀, ẹni tí kò ní ọkọ tàbí aya kò gbọdọ̀ ní ju $2,000 lọ, láìka ọkọ̀ kan àti, lọ́pọ̀ ìgbà, ilé tó ń gbé.

Ibi tí mo ti ṣìnà jù ni pé mo rò pé owó tó kù lọ́wọ́ nìkan ni àwọn Medicaid ń wò. Wọ́n ń wo ibi tí èyí tó ti lọ gbà lọ. Òfin tí wọ́n buwọ́ lù ní 2006 ní kí wọ́n tú àkọsílẹ̀ ọdún 5 wò. Owó páànù tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí Ìjẹ̀bú, owó ilé ẹ̀kọ́ ọmọ àbúrò, ẹ̀bùn ni gbogbo rẹ̀. Wọ́n á ro ó pọ̀, wọ́n á fi iye tí ilé ìtọ́jú ń gbà lóṣù ní ìpínlẹ̀ yẹn pín in: bí ẹ̀bùn bá jẹ́ $30,000, tí oṣù kan jẹ́ $6,000, oṣù 5 ni Medicaid ò ní dá yín lóhùn. Oṣù 5 ọ̀hún kì í sì í bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tẹ́ ẹ fúnni lówó o. Ìgbà tí arúgbó bá ti wọlé ìtọ́jú, tówó sì ti tán, ló ń bẹ̀rẹ̀. Èmi ọ̀mọ̀wé á wá ní, ṣebí òfin gba ẹ̀bùn $19,000 láàyè fún ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ́dún 2025. Ó gbà á. Ti owó orí nìyẹn, kò kan Medicaid rárá.

Ẹ lè ní òfin ìkà ni. Èmi náà ti bú u. Ṣùgbọ́n bí kò bá sí i, olówó á kó ilé mẹ́ta fún ọmọ, á wá jókòó ti owó orí awakọ̀ bọ́ọ̀sì. Òfin náà tiẹ̀ fi àyè sílẹ̀: ẹni tó bá lè fẹ̀rí hàn pé ìdí mìíràn pátápátá lòun fi fúnni lówó, kì í ṣe torí Medicaid, wọ́n lè mójú kúrò. Ẹ̀rí yẹn ló le fún irú wa, tó jẹ́ pé orí fóònù la ti ń parí ọ̀rọ̀ owó. Ṣé ẹni tó fowó ìsìnkú ránṣẹ́ sílé á tún máa béèrè rìsíìtì pósí lọ́wọ́ káfíńtà? Kó béèrè, kó sì rí i pé ó kọ déètì sí i.