Ẹ̀rọ Tí Ń Dífá fún Ọkọ̀
Ilé ni a ti í kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Nítorí náà, ẹni tí yóò wa ọkọ̀ wọ igbó kìjikìji, níbi tí mẹkáníìkì kò sí, tí ọ̀bọ nìkan sì ń wòran, kí ó fara balẹ̀ yan ẹ̀rọ tí ń ka àrùn ọkọ̀. Èyí tí ń ti orí fóònù sọ̀rọ̀ kò wọ́n, ṣùgbọ́n bí fóònù bá kú, ó bùṣe. Oníwáyà, tí ń mu iná lára ọkọ̀, ni mo fara mọ́. Síbẹ̀, babaláwo tí ó mọ odù tí kò mọ ẹbọ ni gbogbo wọn: yóò kọ àmì àrùn P0300 gàdàgbà, pé ẹ́ńjìnnì ń mísì, kò ní sọ bóyá púlọ́ọ̀gì ni tàbí kọ́ìlì. Bí ọkọ̀ yín bá sì dàgbà ju 1996 lọ, ọdún tí Amẹ́ríkà sọ ihò ẹlẹ́yín 16 abẹ́ sítíárìn, tí a ń ki ẹ̀rọ yìí bọ, di dandan, ẹ kúkú gbé mẹkáníìkì yín dání. Ẹ má gbàgbé oúnjẹ rẹ̀.