Àwo Tó Ti Ṣe Awo Rí
Kọ̀ǹpútà Toughbook, akọni ará Jàpáànù, a-já-lulẹ̀-má-sunkún, a-mumi-má-wúkọ́, ni ọ̀rẹ́ mi kan tú palẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá nítorí pé ọjọ́ ti lọ lórí rẹ̀. Ẹnu tí ó fi ń gbé díìsìkì pẹlẹbẹ mì, èyí tí ikùn rẹ̀ kò gbà ju mẹ́gábáìtì 1.44 lọ, tí fọ́tò òwàḿbẹ̀ kan ṣoṣo lóde òní yóò sì bẹ́ ẹ níkùn, ni ọ̀rẹ́ mi ń kó owó ọkọ̀ sí. Òòfà inú háàdì dírááfù rẹ̀ ni ó fi gbá ọ̀bẹ mọ́ ara fìríìjì, tó bẹ́ẹ̀ tí ìyàwó rẹ̀ fi ń bẹ ọ̀bẹ kí ó tó lè se ọbẹ̀. Ṣùgbọ́n àwo inú háàdì dírááfù náà tí ń dán yinrin ni àánú rẹ̀ ṣe mí: àwọn àgbà ní awo ní í gbé awo nígbọ̀nwọ́, àwo yìí sì fi ọdún gbọọrọ pa awo ọ̀gá rẹ̀ mọ́ kí ó tó di dígí ìfárùngbọ̀n, dígí tí kò fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé lọ, débi pé ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún ni ọ̀rẹ́ mi ń fá lónìí, ó di ọ̀la kí ó tó kan tòsì.