Ìwé Ọpẹ́ Ìyá Alákàrà

Ẹ sún mọ́bí, kí ẹ̀rín má pa èmi nìkan. Ẹ ṣáà mọ Ìyá Alákàrà wa, tó máa ń ti ojú títì kí ènìyàn kó tó rí ojú ẹni tó ń kí. Àbúrò ọkọ rẹ̀ tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, tó ń pè ní Dúdúyẹmí (ìyàwó ilé wo ló ń pe ọmọ ọkọ lórúkọ?), ló fi owó ẹ̀rọ ìlọta ránṣẹ́ sí i. Ká ní nítòsí ni, kílẹ̀ tó mọ́ ni ì bá ti wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀: "Ẹ ṣé àná o, ẹ ò ní rí ibi." Ṣùgbọ́n òkun wà láàrin, ta ló sì ń kúnlẹ̀ nínú fóònù? Ó ní ìwé lòun máa kọ, èyí tí wọ́n á lè tọ́jú.

Ó di ọ̀dọ̀ Bàbá Akọ̀wé. Háà, Bàbá Akọ̀wé! Láyé ijọ́un, iwájú ilé ìfìwéránṣẹ́ ló ń jókòó sí lábẹ́ agboòrùn, tòun ti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé rẹ̀ tó ń pariwo. Wọ́n ní ó bá ọmọkùnrin kan kọ ìwé ìfẹ́. Ìwé bọ́ sọ́wọ́ bàbá ọmọbìnrin. Bàbá ò mọ̀wé kà, ọ̀dọ̀ ta ló tún gbé e lọ? Ọ̀dọ̀ Bàbá Akọ̀wé kan náà! Ló bá kà á bí ẹni ń gbàdúrà fún ìdílé, bàbá sì ń ṣe "àmín" láti òkè délẹ̀.

Níbo ni mo bá a dé? Ẹ̀n-ẹ́n, ìwé ọpẹ́. Bàbá Akọ̀wé bẹ̀rẹ̀: inú òun dùn láti fi gègé lé tákàdá, òun lérò pé àlàáfíà ni wọ́n wà, òjò ńkọ́, òtútù ńkọ́. Ojú-ìwé ti fẹ́ kún kó tó kan "ẹ ṣeun fún oore ńlá yín". Ó wá fi ìdí rẹ̀ tì sí firíìjì: kí wọ́n jọ̀wọ́ ṣàánú òun.

Ìyá Alákàrà fò dìde. "Bàbá, ta ló dárúkọ firíìjì?"

"Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń parí ẹ̀."

"Ṣé ọpẹ́ lẹ ń kọ ni àbí ẹ̀bẹ̀? Ẹ̀rọ mi gan-an dà níbẹ̀?"

Àwa tá a wà lójú fèrèsé (ẹ má bi mí léèrè ohun tá a ń wá níbẹ̀) pariwo. Bàbá ronú díẹ̀. Ó ní òótọ́ ni, pé nígbà tí Isaac Thomas ń tẹ lẹ́tà obìnrin kan tó pè ní Sẹ̀gilọlá jáde nínú ìwé ìròyìn rẹ̀, Akéde Èkó, ní 1929 sí 1930, Thomas fúnra rẹ̀ ló ń kọ ọ́, síbẹ̀ àwọn ènìyàn gbà pé obìnrin kan wà níbì kan tó ń kọ ọ́, torí ó kún fún àdúgbò àti orin tí ará Èkó mọ̀. "Bí àròsọ bá lè wọni lára báyẹn, òótọ́ ńkọ́? Ó yá, máa wí."

Ìyá Alákàrà gbẹ́nu lé e: "Dúdúyẹmí ọkọ mi, owó tẹ̀ mí lọ́wọ́, mo sì ti fi ra ẹ̀rọ. Tẹ́lẹ̀, aago mẹ́ta òru ni mo ń jí lọ tò nídìí ẹ̀rọ oníẹ̀rọ. Ní báyìí, mo ń sùn di aago márùn-ún. Àwọn ará àdúgbò ń gbé ata wá, wọ́n ń sanwó. Ìyàwó Télọ̀ nìkan ló ń ní 'ó dọ̀la'. Ẹ ṣé é o, Olúwa á fún yín ní oorun tẹ́ ẹ fún mi. Mi ò tọrọ nǹkan kan."

Ó parí. Ìdajì ojú-ìwé! Ọmọ rẹ̀ ya fọ́tò ìwé náà, ó fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp kí ìwé gan-an tó dé. Dúdúyẹmí pè lálẹ́ ọjọ́ náà. Ó ní ó ti pẹ́ tóun ti ń fowó ránṣẹ́ sílé, àdúrà ni wọ́n máa ń fi dá a padà. Ẹnì kan ò sọ ohun tí owó ọ̀hún ṣe fóun rí. Ó tún béèrè bóyá Ìyàwó Télọ̀ ti sanwó.

Láti ìgbà náà ni èrò ti ń tò lẹ́nu ọ̀nà Bàbá Akọ̀wé. Ẹ gbọ́ iye tó ń gbà: odidi ojú-ìwé, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà; ìdajì, ẹgbẹ̀rún kan. A ní kí ló dé? Ó ní ti gígùn, òun ti mọ̀ ọ́n lórí. Ti kúkúrú, òun ní láti kọ́kọ́ bi yín ní ohun tí wọ́n ṣe fún yín.